Àgbàdo tó bu ni ọmọ mi ń kó lọ sí yunifásítì: kí ló ń fi ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Kétu ni mo ti ń ta àgbàdo, ọmọkùnrin mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọbìnrin mi, Ràfíátù, lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ó gba máàsítà. Mo rò pé ó parí. Ó ní ó tún ku ọdún mẹ́ta, òun fẹ́ di ọ̀mọ̀wé, inú lábò, ìyẹn yàrá ìwádìí, ni òun máa wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Láti ìgbà náà, kò sí owó oṣù, kò sí ìsinmi. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń rùn bí omi Javel tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun. Ọjọ́ kejì Iléyá ló ti padà, ó ní òun fẹ́ lọ wo ohun tí òun gbìn. Èyí tó wá dójú tì mí ni pé àgbàdo tó bu, tí mo ṣà sọ́tọ̀ láti dà nù, ló dì sápò gbé lọ. Gbogbo ìsọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, 'Ìyá, àlàyé rẹ̀ le.' Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú lábò yẹn? Ìyá Ràfí, Kétu."

Ìyá Ràfí, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Inú irú lábò bẹ́ẹ̀ lèmi náà gbà dàgbà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wo èbu àti kòkòrò tí ojú kò rí lára oúnjẹ, àwọn ọmọ bíi Ràfíátù ni mo sì ń tọ́ sọ́nà báyìí níbí ní Àjàṣẹ́. Mi ò mọ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó dì lọ yẹn ti sọ ohun púpọ̀ fún mi. Ọjà yín ni màá fi ṣàlàyé, torí ìdajì iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ̀yin ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí i.

Tí ẹ bá jókòó ti atẹ tí ẹ ń ṣa àgbàdo, ẹ mọ hóró tó ti dúdú, ẹ mọ èyí tí kòkòrò lu, ẹ sì mọ èyí tí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé bò lórí. Ìyẹ̀fun yẹn lọ́rọ̀ wà lára rẹ̀. Èbu kan ni, Aspergillus flavus lorúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé. Tí ó bá rí àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa, á tú májèlé kan sí i lára, aflatoxin. Ọdún 1960 layé kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé inú oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe fún wọn. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà. Tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á pa èèyàn: ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu sọ èèyàn 317 di aláìsàn, 125 nínú wọn kú. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ń fà. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ni o. Àwọn olùwádìí kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 480 wò ní orílẹ̀-èdè Benin wa yìí àti ní Togo, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án dé ọmọ ọdún márùn-ún. Lọ́dún 2002 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló ní àmì májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ló sì kúrú jù sí ọjọ́ orí wọn.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́, ìgbà tí ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́ lóṣù keje sí ìkẹjọ, oòrùn kò tíì gbóná tó láti sá a. Kó tó gbẹ, èbu ti débẹ̀.

Ṣíṣà tí ẹ ń ṣà á dára gan-an, ó ń dín májèlé náà kù. Kì í kó gbogbo rẹ̀ kúrò ni. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, iná ìdáná kì í sì í pa á. Hóró tó ń dán lójú lè ní in nínú. (Mo rí i pé ẹ ní ẹ máa ń da èyí tó bu nù. Tó bá jẹ́ iwájú adìẹ lẹ ń dà á sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́. Ẹ rántí tòlótòló.)

Ó dáa. Báwo wá lèèyàn ṣe ń mọ ohun tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀? Ibẹ̀ ni ọjọ́ Ràfíátù ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àpò. Tí oníbàárà bá wá ra àpò mẹ́wàá, tó kàn ki ọwọ́ bọ ẹnu ọ̀kan, tó ní ó dára, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan máa ń kó sísàlẹ̀ àpò. Mi ò ní ẹ̀yin o! Májèlé yìí burú ju ìyẹn lọ, torí kì í tàn kárí. Hóró mélòó kan péré nínú àpò lè ru gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ àpò náà lórí. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kó ju míkírógíráàmù mẹ́rin lọ nínú kílò ọkà kan tó ti wà fún jíjẹ. Ẹ wò ó báyìí: àpò mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò, májèlé tí wọ́n gbà kó wà nínú gbogbo wọn pọ̀ kò tó iyọ̀ tí ẹ máa fi ìka méjì fún. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kó lọ. Á mú irin oníhò, á gún àpò lókè, láàárín, nísàlẹ̀, á ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri ọ̀pọ̀ àpò, á pò ó pọ̀, á lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, kó tó wá bu ṣíbí díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sì lè gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta ọjà, torí àgbàdo ẹni tó lọ tirẹ̀ ṣáájú ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kékeré tó wà ní lábò ló máa lò, á sì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn àpò kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ọmọ tó lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìlọta nìkan, tí ìyẹ̀fun bò ó bí ẹni tó ń lọ ọkà, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu. Tí ìyá rẹ̀ bá bi í lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí ló kọ́ ní yunifásítì lónìí, kí ni kó sọ?

Èyí tó kàn ni gbígbìn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí tiyín ni. Ohun tí wọ́n ń gbin èbu sí kò jìnnà sí ẹ̀kọ. Wọ́n á po omi pọ̀tétò, ṣúgà, àti ìyẹ̀fun kan tó ń jẹ́ agar, tó ti ara ewéko inú òkun wá. Gíráàmù 39 sí lítà omi kan. Wọ́n á gbé e sínú ìkòkò ńlá kan tí ìdérí rẹ̀ ń tì pa, tí ooru kò róhun gbà jáde, títí á fi gbóná dé 121 lórí ìwọ̀n Celsius, á wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ohunkóhun tó lẹ́mìí nínú rẹ̀ lè kú. Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á dúró. Tó bá ṣì gbóná jù, ooru rẹ̀ á di omi sára ìdérí àwo, á sì ba nǹkan jẹ́. Tó bá tutù jù, á dì sínú ìgò. Ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń dán an wò, bí ìyá ṣe ń dán omi ìwẹ̀ ọmọ wò. Lẹ́yìn náà ni Ràfíátù á tan iná kékeré kan síwájú, á máa ṣí ìdérí àwo pẹlẹbẹ díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo ọbẹ̀ olọ́bẹ̀, á dà á sí i, á dé e kíá. Ogójì àwo, ọgọ́ta àwo. Tí ó bá máa fi tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti dì gbagidi, bí ẹ̀kọ inú ewé.

Ẹ mọ ẹni tó mú agar dé lábò? Ìyàwó ilé ni. Ní Jámánì lọ́dún 1881, ọkọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Fanny Hesse ń ṣiṣẹ́ ní lábò Robert Koch. Ohun tí wọ́n ń lò nígbà náà máa ń yọ́ tí ooru bá mú, iṣẹ́ wọn á sì di omi. Obìnrin yìí ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé agar tí òun fi ń ṣe ohun jíjẹ dídì nílé kì í yọ́ nínú ooru. Látọjọ́ náà títí dòní, àwọn lábò tó ń gbin èbu àti kòkòrò àìfojúrí káàkiri ayé ló ń lò ó. Ẹni tó mọ ìdáná ló yọ àwọn ọ̀mọ̀wé nínú wàhálà, a kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Tí ó bá ti gbìn ín, ó di ìdúró. Èbu máa ń gba ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó hù dáadáa, nínú àpótí tí wọ́n ń mú kó gbóná níwọ̀n. Ẹni tó bá gbìn lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí Àìkú ló bọ́ sí láti kà á. Ẹni tó bá gbìn lọ́sẹ̀ Iléyá, ẹ ti mọ èyí tó kù. Kò sá fún yín o, Ìyá Ràfí, bẹ́ẹ̀ ni kò sá fún iṣẹ́ ẹran. Tó bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, èbu tó hù nínú àwo kan á ti gun orí ara wọn, kò sì ní lè kà á mọ́.

Ti májèlé fúnra rẹ̀ tún lọ́tọ̀. Wọ́n á fi ọtí líle kan tí ẹnu kò gbọdọ̀ kàn fa májèlé náà jáde lára ìyẹ̀fun, wọ́n á tò ó kán-ín kán-ín sórí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á jẹ́ kí omi gun pátákó náà lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á wọ yàrá tó ṣókùnkùn, á tan iná kan tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Tí májèlé bá wà níbẹ̀, á tàn. Ọ̀kan á tàn bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aṣọ nínú rẹ̀, òmíràn á tàn bí ewé. Àwọ̀ méjèèjì yìí ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ: B ni ti aláró, G ni ti aláwọ̀ ewé, torí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo gbàgbé láti mí. Àgbàdo tí ojú mi ti fọwọ́ sí pé ó dára ni.

Javel tí ẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló ń ba májèlé yìí jẹ́ lára àwo àti ìgò. Kí inú yín dùn tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Ó túmọ̀ sí pé ó ń ṣọ́ra. Ẹ bi í bóyá ó ń wọ ìbọ̀wọ́, torí ọwọ́ kò yẹ kó máa rùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá dé orí ohun tí Ràfíátù kò lè sọ fún yín. Nínú gbogbo àwo tó bá dà, ó gbọ́dọ̀ fi mélòó kan sílẹ̀ tí kò ní gbin nǹkankan sí. Àwo òfo là ń pè é. Á gbé e sínú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù, á sì máa gbàdúrà kí nǹkankan má hù níbẹ̀. Tí èbu bá hù nínú àwo òfo, á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ yàrá tàbí ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e wọlé, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó wá látara àgbàdo nínú àwọn àwo yòókù. Ọgọ́ta àwo, ọ̀sẹ̀ kan, ìdọ̀tí. Á se gbogbo rẹ̀ pa nínú ìkòkò yẹn, á dà á nù, á fọ ìgò, á tún bẹ̀rẹ̀. Kódà tí gbogbo rẹ̀ bá yọrí sí rere, ẹ̀ẹ̀kan kò tó, ó gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, bó ṣe ń parí nìyẹn: ohun tó ṣe bàjẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú bírò, pé ó bàjẹ́. A kì í ya ojú ewé. Ọ̀gá tó bá rí ìwé lábò tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dára, á fura.

Ọdún kejì tí mo ń ṣe tèmi, iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kò dé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Jẹnẹrétọ̀ wà. Epo ló tán, ẹni tó yẹ kó rà á rò pé ẹlòmíràn ti rà á. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí mo ti yọ lára ògì fún oṣù mẹ́jọ, láti ilé àwọn ológì káàkiri, wà nínú fìríìsà. Mo dé, omi ti ń sun lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi náà ń rin ìró mi, mò ń mú ìgò kéékèèké náà lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ sí wọn lára ti ń fọ́. Kò sí èyí tí mo lè fọkàn tán mọ́ nínú wọn. Mo pinnu pé mo máa lọ bá ìyá mi ta aṣọ ní ọjà Wàńdó. Mo délé, mo sùn, mi ò jẹun, mi ò sì sọ nǹkankan. Ìyá mi rò pé ọkùnrin ló já mi jù sílẹ̀. Ó jókòó ní ẹsẹ̀ ibùsùn mi, ó ṣàdúrà gígùn pé Ọlọ́run máa pèsè èyí tó dára jù ú lọ. Mo ṣe àmín. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mò ń ṣọ̀fọ̀ ògì?

Torí náà, tí Ràfíátù bá ní "àlàyé rẹ̀ le," ẹ má kà á sí ìgbéraga. Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ́pọlọ rẹ̀: èdè Faransé ló fi ń kọ thèse rẹ̀, ìyẹn ìwé ńlá tó máa fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kà ló jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ló sì máa fi dá yín lóhùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń pe àwo òfo lédè wa. Èmi náà, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìbéèrè tó sì máa ń bá nílé kì í ràn án lọ́wọ́. "Ìgbà wo lo máa parí?" Lórí ìwé, ọdún mẹ́ta ni. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo sábà máa ń rí, torí oògùn lábò tí wọ́n ń retí láti Yúróòpù lè lo oṣù mélòó kan lọ́nà, ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí á gbé e pa mọ́ fún oṣù mélòó kan mìíràn, wọ́n á wá dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè ogún, kó tó wá kan ọjọ́ soutenance tó máa dúró gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé tó máa ṣèdájọ́ rẹ̀. Èmi ì bá ní kí ẹ bi í pé, "Kí ló bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹ ó rí i bí ẹnu rẹ̀ á ṣe yá.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní fi epo pa á fún yín. Kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní owó ìrànwọ́ kankan. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní lẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí wákàtí, owó rẹ̀ kì í sì í tètè dé. Ẹ bi í láìfi bò pé iṣẹ́ yìí, ṣé ó wà lábẹ́ ètò kan tí ọ̀gá rẹ̀ rí owó gbà fún? Tí kò bá sí, ta ló ń ra oògùn lábò? Tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń rà á látinú owó oúnjẹ tí ẹ ń fún un, ẹ sọ fún un kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kíákíá, kó má tíì dé ọdún kejì. Ìyá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìyẹn. Ìwé kíkà ni kò yẹ kó ná an lówó: láti ọdún 2002 ni ètò Hinari ti ń jẹ́ kí yunifásítì orílẹ̀-èdè bíi tiwa ka ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìmọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Alẹ́ ló máa ń kà á, torí ojúmọ́, àwo ló ni ín.

Ó kù sórí àgbàdo. Nígbà mìíràn tó bá wálé, ẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní èyí tó bu nìkan. Ẹ bu èyí tí ẹ máa tà sí i pẹ̀lú, látinú àpò kan náà, torí ohun tó ń wá lè wà níbẹ̀ náà. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá o. Àgbàdo máa ń làágùn nínú ọ̀rá, èbu tuntun á hù kó tó dé Àjàṣẹ́, á wá rò pé Kétu ló ti gbé e wá. Àpò bébà tàbí ti aṣọ ni kẹ́ ẹ lò. Kí àbúrò rẹ̀ tó ń bá yín kọ̀wé kọ ọ́ sára àpò kọ̀ọ̀kan: abúlé tí wọ́n ti rà á, oṣù tí wọ́n kórè rẹ̀, àti ibi tó sùn sí látìgbà náà, bóyá orí àjà ni tàbí orí sìmẹ́ǹtì. Kí wọ́n dè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ kó má kó wọn sábẹ́ ẹja.